Bí Ṣíìpù Bá Dákẹ́, Ẹ Má Bá A Dáhùn

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, láptọ́ọ̀pù mẹ́rin ni wọ́n gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkèṣà, l'Ádó-Èkìtì, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì wà lẹ́nu àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: "Ọ̀gá, wọ́n ti bá mi kọ BIOS tuntun sí i, àmọ́ kò tàn mọ́." Ọ̀kan nínú wọn, ti màmá olùkọ́ kan láti Ìyìn ni. Wọ́n ti ta òróró àdúrà sórí rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e wá, òróró yẹn sì ti gba abẹ́ kíbọ́ọ̀dù wọlé lọ bá pátákó iná inú rẹ̀. Mo sọ fún wọn pé, "Màmá, ẹ máa gbàdúrà yín, èmi náà ń gbà á, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da ohunkóhun sí i lára. Kò sí ọ̀tá ilé kankan nínú èyí. Ẹni tó kọ nǹkan sínú ṣíìpù yìí láìkọ́kọ́ bi í léèrè irú ẹni tó jẹ́, òun ló ṣe é."

Mi ò ní jókòó ṣàlàyé BIOS pẹ́ níbí: ètò tó kọ́kọ́ ń jí kọ̀ǹpútà ni. Ẹ kàn fi sọ́kàn pé inú ṣíìpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ kan tí kò ju èékánná lọ ló ń gbé, fláàṣì là ń pè é, irú rẹ̀ náà ló sì wà nínú ráwútà íntánẹ́ẹ̀tì yín, nínú dekódà, nínú inverter sólà. Ètò tó ń bá ṣíìpù náà sọ̀rọ̀ là ń pè ní dráífà. Dráífà ni mò ń kọ jẹun, mo sì ń tún pátákó ṣe mọ́ ọn, nítorí náà mo mọ ibi tí bàtà ti ń ta àwọn méjèèjì lẹ́sẹ̀.

Bí ọmọdé kan bá ti Ìkéré wọ agboolé yín, ohun tí bàbá àgbà máa kọ́kọ́ bi í ni, "Ọmọ ta ni ọ́?" Ṣíìpù náà ní ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn. Ẹ fi àṣẹ 9F ránṣẹ́ sí i, á dárúkọ ilé tó ti wá: EF ni Winbond, C2 ni Macronix, C8 ni GigaDevice, nọ́mbà ti irú ṣíìpù tó jẹ́ á sì tẹ̀ lé e. Láyé àtijọ́, ìyẹn nìkan ni dráífà fi ń dá a mọ̀. Dráífà á ní àkọsílẹ̀ gbọọrọ nínú, bíi ìwé tí tíṣà fi ń pe orúkọ ní kíláàsì. Ṣíìpù tí orúkọ rẹ̀ ò bá sí níbẹ̀, ó parí nìyẹn. Ní 2011, JEDEC, àjọ tó ń ṣe ìlànà fún irú ẹ̀rọ báwọ̀nyí káàkiri àgbáyé, gbé JESD216 jáde pé kí ṣíìpù máa gbé ìtàn ara rẹ̀ kiri. SFDP ni wọ́n sọ ọ́. Àṣẹ 5A la fi ń kà á. Lẹ́tà mẹ́rin yẹn, S, F, D, P, ló máa kọ́kọ́ jáde, ìtàn á wá tẹ̀ lé e nínú tábìlì: bí mo ṣe tóbi tó rèé, iye báìtì tí àdírẹ́ẹ̀sì mi, nọ́mbà tí ẹ fi ń tọ́ka sí ibì kan nínú mi, ń gbà rèé, àṣẹ tí ẹ lè fi pa apá kan mi rẹ́ rèé, iye okùn tí ẹ lè fi kà mí lẹ́ẹ̀kan náà rèé.

Ìlànà tó dára ni. Ibi tó ti dojú rú ni pé ọ̀pọ̀ ṣíìpù kì í sọ ìtàn yẹn tán. Tábìlì àkọ́kọ́, ti 2011, 36 báìtì péré ni. Nígbà tó yá wọ́n sọ ọ́ di 64, wọ́n tún sọ ọ́ di 80. Ṣíìpù tó gbé tábìlì 36 dání kò ní sọ bí ojú ewé ìkọ̀wé rẹ̀ ṣe gùn tó, kò sì ní sọ bí wọ́n ṣe ń ṣí okùn mẹ́rin lára rẹ̀. Kì í ṣe pé ó ní òun ò ní in o. Kò sọ ọ́ ni. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, àìmọ ìyàtọ̀ wọn ló sì ń gbé iṣẹ́ wá fún mi lójoojúmọ́. Ọmọ tó ti Ìkéré wá, tó dárúkọ bàbá rẹ̀ tí kò dárúkọ àdúgbò, ẹ ò lè torí ẹ̀ sọ pé kò ní àdúgbò, ẹ ò sì lè yan èyí tó wù yín fún un. Ẹ máa ránṣẹ́ sílé wọn ni. Datasheet, ìwé tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ṣíìpù náà tẹ̀ jáde, òun ni ilé ṣíìpù.

Ẹ jẹ́ kí n mú ti okùn mẹ́rin yẹn, torí òun ló máa ń ká mi lára jù. Ṣíìpù tó ń fi okùn kan sọ̀rọ̀ máa ń lọ́ra. Tó bá lo mẹ́rin, á yára gan-an. Àmọ́ ẹsẹ̀ kẹta àti ẹsẹ̀ keje rẹ̀ ti ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀: ọ̀kan ń dènà ìkọ̀wé, èkejì ń dá ọ̀rọ̀ dúró. Kí wọ́n tó lè fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ kí wọ́n di okùn, ẹ gbọ́dọ̀ tan bíìtì kan, bíi ṣúwíìṣì kékeré, nínú ṣíìpù. Níbo ni bíìtì náà wà? Lára Macronix, inú rẹ́jísítà ipò àkọ́kọ́, àpótí kékeré tó kó irú bíìtì bẹ́ẹ̀ jọ, ló wà, bíìtì 6. Lára Winbond, inú èkejì ló wà, bíìtì 1. Dráífà tó bá rí i pé tábìlì dákẹ́, tó wá ní gbogbo wọn ló jọra, tó lọ tan bíìtì 6 lára W25Q128 ti Winbond, nǹkan mìíràn ló tàn. Bíìtì yẹn wà lára àwọn tó ń pinnu apá ibi tí ìdáàbòbò máa bò. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ní kí ṣíìpù ti ilẹ̀kùn, ibi tí ẹ rò kọ́ ló máa tì.

Ìwé Winbond fúnra rẹ̀ tún kìlọ̀ pé tí wọ́n bá so ẹsẹ̀ kẹta tàbí ìkeje mọ́ iná tàbí mọ́ ilẹ̀ tààrà lórí pátákó, kí ẹnikẹ́ni má tan bíìtì okùn mẹ́rin. Mo ti rí irú pátákó tí wọ́n so báyẹn lórí tábìlì iṣẹ́ mi láìmọye ìgbà. Nítorí náà, dráífà tí mo bá kọ, tí tábìlì kò bá sọ̀rọ̀ okùn mẹ́rin tí mi ò sì tíì rí datasheet, okùn kan ló máa lò. Àwọn oníbàárà á ní ó lọ́ra. Ó lọ́ra lóòótọ́, àmọ́ ìlọ́ra ò pa pátákó rí.

Àwọn tó ń tọ́jú dráífà fláàṣì inú Linux, ètò ìpìlẹ̀ kan tí kọ̀ǹpútà ń lò bíi Windows, mọ ọ̀rọ̀ yìí dénú, mo sì máa ń fi iṣẹ́ wọn kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Wọ́n ń ka tábìlì, wọn ò sì sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Wọ́n fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn ìkàwé tí wọ́n ti lè ṣàtúnṣe fún ṣíìpù kan ṣoṣo tí wọ́n bá mọ àléébù rẹ̀. Ṣíìpù kan wà tó ń jẹ́ IS25LP256, 32 MB ni; tábìlì rẹ̀ ní báìtì mẹ́ta péré ni àdírẹ́ẹ̀sì òun, bẹ́ẹ̀ ó ń gba mẹ́rin. Wọ́n kọ àtúnṣe tirẹ̀ sílẹ̀, òun nìkan. Macronix náà ní MX25L25635E àti MX25L25635F tí nọ́mbà ìdánimọ̀ wọn jẹ́ ọ̀kan náà, bí ìbejì tí wọ́n wọ aṣọ kan. Ohun tí F sọ nínú tábìlì rẹ̀ tí E kò lè sọ ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀. Ẹ ò rí i pé ibi tí orúkọ ò ti tó, ìtàn ló gbà á, ibi tí ìtàn sì ti pẹ̀ka, ìwé ilé ló tún un ṣe.

Ẹ wá fi èyí wé ohun tí àwọn kan ń ṣe lábẹ́ agbòòrùn kiri ìlú. Wọ́n á fi ìdè, ohun tó ń so ẹsẹ̀ ṣíìpù mọ́ kọ̀ǹpútà, gbá ṣíìpù mú, wọn ò ní wo ohun tó wà lára rẹ̀. W25Q128FV ń mu 3.3 fóòtì, W25Q128FW ń mu 1.8, lẹ́tà kan ṣoṣo ló yà wọ́n, ẹni tí kò mú awò wò ó á fi iná 3.3 pa FW. Wọ́n á kà á, gbogbo rẹ̀ á jáde ní FF, FF, FF, wọ́n á ní ó ṣófo, kí àwọn kọ tuntun sí i. Kò ṣófo o! Ìdè yín ni kò gbá a mú dáadáa. Ti màmá Ìyìn yẹn, fáìlì 8 MB ti láptọ́ọ̀pù mìíràn ni wọ́n já láti íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n rọ́ sínú ṣíìpù 16 MB, wọn ò sì fi ẹ̀dà ti àtijọ́ pamọ́. Mo wá fáìlì tó jẹ́ tirẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe láptọ́ọ̀pù náà, ó tàn, àmọ́ nọ́mbà ìdánimọ̀ rẹ̀ àti kọ́kọ́rọ́ Windows tó wà nínú ṣíìpù yẹn ti lọ, kò sí ibi tí mo ti lè rí wọn mú padà. Ẹ bi ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan tiyín pé: ṣé o ti kà á lẹ́ẹ̀mejì, ṣé méjèèjì bára mu, níbo lo fi ẹ̀dà rẹ̀ sí? Tó bá ń ṣe kámi-kàmì-kámi, ẹ gba láptọ́ọ̀pù yín.

Láptọ́ọ̀pù ṣì kéré. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọgbà adìẹ kan lọ́nà Ìkéré.

Mo ṣe pátákó kan fún wọn tó ń wo ooru ilé òròmọdìẹ, tó ń tan gílóòbù tí òtútù bá fẹ́ mú, tó sì ń kọ ohun tó rí sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, 64 báìtì lẹ́ẹ̀kan. Ṣíìpù 16 MB ni mo lò. Nígbà tí wọ́n fẹ́ pátákó kejì, mi ò sí nílé, wọ́n bá gbé e fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní òun lè ṣe irú rẹ̀. Kò rí 16 MB rà, ó ra 32 MB. Ó ka tábìlì ṣíìpù náà. Tábìlì ní, mo tóbi tó 32 MB. Tábìlì kan náà ní, báìtì mẹ́ta péré ni àdírẹ́ẹ̀sì mi.

Báìtì mẹ́ta kò lè dé ibi tó ju 16,777,216 lọ, 16 MB gééré nìyẹn. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, á ṣe bíi mítà ọ̀kadà tó dé 99999 tó yí padà sí 00000. Ọ̀rọ̀ méjì tí ṣíìpù sọ yẹn kò bára mu. Ẹni tó mọṣẹ́ á dúró, á wá datasheet. Bí kò bá sì rí i, á lo 16 MB àkọ́kọ́, á fi ìyókù sílẹ̀. Ọmọkùnrin yìí gba méjèèjì gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Àárín oṣù Keje ni wọ́n gbé e kọ́. Ètò wà nínú MB àkọ́kọ́, àkọsílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: 15 MB tó kù, 64 báìtì ní ìṣẹ́jú kan, nǹkan bí 170 ọjọ́ ni. Fún 170 ọjọ́, kò sí ohun tó ṣe é, wọ́n ń yin ọmọkùnrin náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kínní, nígbà tí ọyẹ́ ń han èèyàn léèmọ̀, àkọsílẹ̀ dé ẹnu 16 MB. Dráífà ní kí ṣíìpù pa 4 KB tó kàn rẹ́ kí àyè lè wà láti kọ̀wé. Àdírẹ́ẹ̀sì tó rán sí i ti yí padà di 0. Ibi tí pátákó ti ń gbéra gan-an ló parẹ́.

Pátákó ò sì kú lójú ẹsẹ̀, torí ètò ti wà nínú RAM, ìrántí tó ń parẹ́ tí iná bá lọ. Ó ń ṣiṣẹ́ lọ títí iná fi lọ lóru tí jẹnẹrétọ̀ gbà á. Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá tí òkùnkùn fi wà yẹn ti tó. Pátákó fẹ́ tún gbéra, kò bá orí ara rẹ̀ mọ́, gílóòbù kò tàn. Nígbà tí ìyá tó ni ọgbà ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, àwọn òròmọdìẹ ti wọ́ jọ sí igun kan, wọ́n gun ara wọn lórí nítorí òtútù, àwọn tó wà nísàlẹ̀ ti kú. Wọ́n lé ní 200. Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń kó wọn sínú àpò oúnjẹ adìẹ. Ẹnì kan ti ń sọ pé aládùúgbò ló ṣe é, wọ́n ti ń bèèrè iye tí babaláwo kan máa gbà.

Mo ní kí wọ́n fún mi ní wákàtí kan. Mo fi ìdè gbá ṣíìpù náà mú, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo sì yí ojú láptọ́ọ̀pù sí ìyá náà. Ní orí ṣíìpù, níbi tó yẹ kí ètò wà, ooru ilé adìẹ ló wà níbẹ̀: 32, 32, 31, 32. Ìlà 41. Lẹ́yìn ìyẹn, FF títí dé òpin 4 KB. Ìṣẹ́jú 41 ni pátákó náà fi kọ ọ̀rọ̀ sórí ara rẹ̀ kí iná tó lọ. Ìyá náà fi ìka tọ ìlà tó kẹ́yìn, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìgbà yìí wọ́n ṣì wà láàyè?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Mo rí datasheet ṣíìpù náà, ó ń gba báìtì mẹ́rin, ó sì ní àṣẹ tirẹ̀ fún un. Mo tún dráífà kọ: tó bá ti rí i pé ìtóbi àti àdírẹ́ẹ̀sì takora, tí ṣíìpù ọ̀hún kò sì sí nínú àwọn tí mo ti fojú ara mi wádìí, kò ní kọjá 16 MB, iná pupa á sì tàn níwájú pátákó. Oṣù Kejì ni mo gbé e kọ́ padà. Mo ṣírò ọjọ́ tí àkọsílẹ̀ máa kọjá 16 MB, ó bọ́ sí oṣù Keje. Lọ́jọ́ náà mo wà ní ọgbà. Mo dúró títí ó fi kọjá, mo pa iná, mo ka ìṣẹ́jú kan, mo tan án. Gílóòbù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tàn.