Bí oòrùn ṣe ń wọ̀ lórí ìtàgé

Ká ní wọ́n fẹ́ ṣe eré kan ní gbọ̀ngàn eré tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kọ́ sí Ẹ̀pẹ́. Apẹja ń tukọ̀ bọ̀ láti orí ọ̀sà, oòrùn ń wọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe máa fi iná mú oòrùn wọ̀?

Láyé gílóòbù, ó rọrùn. Wáyà tín-ínrín inú rẹ̀ ló ń gbóná tó fi ń tàn. Bí wọ́n bá rọra dín agbára iná náà kù, wáyà á máa tutù, ìmọ́lẹ̀ á kúrò ní funfun, á dà bí ọsàn tó pọ́n, á wá pọ́n bí epo kó tó kú. Ọ̀fẹ́ ni. Wàhálà gílóòbù wà níbòmíràn: ẹyọ kan lè jẹ 1,000 wáàtì, méjìlá á jẹ 12,000, jẹnẹrétọ̀ ńlá ló lè gbé e. Ooru rẹ̀ á sì máa yan ike aláwọ̀ tí wọ́n fi bo ojú iná. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ àwọ̀, kó gun àkàbà.

Iná LED tòde òní kò ní wáyà tó ń gbóná. Pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù ló wà nínú rẹ̀, bí wọ́n bá ṣe pò wọ́n ni àwọ̀ ṣe ń jáde. Méjìlá tó ń jẹ 150 wáàtì kò ju 1,800 lọ. Ìlànà DMX512, tó ti wà láti 1986, ló ń gbé àṣẹ láti àtẹ ìdarí dé ọ̀dọ̀ iná: ojú ọ̀nà 512, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba nọ́ńbà láti 0, tí iná kú, dé 255, tó tàn dé òpin.

Àmọ́ bí wọ́n bá kàn dín LED funfun kù, funfun náà ló máa jẹ́ títí á fi kú. Kò jọ oòrùn tó wọ̀, ó jọ ìgbà tí wọ́n mú iná lọ. Ẹni tó ń to iná ló máa pàṣẹ pé kí búlúù kọ́kọ́ rọlẹ̀, kí àwọ̀ ewé tẹ̀lé e, kí pupa gbẹ̀yìn. Nísàlẹ̀ pátápátá, láti 3 sí 2 sí 1, ojú á rí i bó ṣe ń já wálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn iná kan fi ń lo ojú ọ̀nà méjì pọ̀ fún àwọ̀ kan, kí ìgbésẹ̀ lè kúrò ní 256 di 65,536.

Aṣọ tún ńkọ́? Bí apẹja bá wọ àdìrẹ ẹlẹ́lùú, tí búlúù bá ti kúrò nínú iná, aṣọ náà á di dúdú kirikiri. Àfi kí iná kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ máa ta búlúù díẹ̀ sí i lára títí á fi so ọkọ̀ mọ́ èbúté.