Ṣé lóòótọ́ ni pé tí wọ́n bá lu èèyàn dáadáa, á jẹ́wọ́?

Tí fóònù bá sọnù ládùúgbò, tí wọ́n wá mú ọmọkùnrin kan, ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ni "ẹ lù ú, á jẹ́wọ́". Ó sì máa ń jẹ́wọ́ lóòótọ́ o, ibẹ̀ gan-an ló ti ń tàn wá jẹ, torí ẹni tó jí i á jẹ́wọ́, ẹni tí ò jí i náà á jẹ́wọ́, báwo lẹ ṣe wá fẹ́ dá wọn mọ̀?

Ọpọlọ kì í ṣe àpò téèyàn ń gbọ̀n kí ohun tó wà nínú ẹ̀ lè dà sílẹ̀. Tí ìrora àtẹ̀rù bá ti pọ̀ jù, ibi tó ń bá wa to ìrántí nínú ọpọlọ, hippocampus ni wọ́n ń pè é, ò ní lè ṣiṣẹ́ ẹ̀ bó ṣe yẹ mọ́. Ní 2004, Charles Morgan àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ l'Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde lórí ṣọ́jà tó lé ní 500 tí wọ́n ń kọ́ ní bí wọ́n ṣe máa ṣe tọ́wọ́ ọ̀tá bá tẹ̀ wọ́n. Ẹnì kan kojú wọn, ó ń halẹ̀, ó ń tì wọ́n síwá sẹ́yìn. Lẹ́yìn ọjọ́ kan wọ́n to èèyàn síwájú wọn pé ẹ nàka sí ẹni tó halẹ̀ mọ́ yín, nínú mẹ́wàá, bíi mẹ́ta ló mú ẹni tó tọ́. Ṣọ́jà nìyẹn o! Ọmọ fọganáísà tí wọ́n so kọ́ látàná ńkọ́?

Kò tiẹ̀ dìgbà tẹ́ ẹ bá nani. Ìwádìí míì wà ní 2016, wọ́n ní káwọn kan sáìn pé àwọn tẹ Escape, ìyẹn bọ́tìnnì kan tí wọ́n ti ní kí wọ́n má tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, bẹ́ẹ̀ wọn ò tẹ̀ ẹ́ rárá. Àwọn tó sùn dáadáa, 18 nínú 100 ló sáìn, àwọn tí wọn ò jẹ́ kí wọ́n sùn mọ́jú, ìdajì wọn ló sáìn.

Ibn al-Shaykh al-Libi, ọkùnrin ará Líbíà tí Amẹ́ríkà mú, tí wọ́n fà lé Íjíbítì lọ́wọ́ tí wọ́n sì fìyà jẹ ẹ́ níbẹ̀, sọ pé Ìráàkì ń kọ́ àwọn al-Qaeda bí wọ́n ṣe ń lo ohun ìjà olóró. Colin Powell, tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Amẹ́ríkà nígbà yẹn, gbé ọ̀rọ̀ yẹn dé UN ní February 2003, nígbà tó fi máa di oṣù tó tẹ̀ lé e, ogun ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìráàkì. Ní 2004 ọkùnrin yìí ní irọ́ lòun pa kí wọ́n má bàa fìyà jẹ òun mọ́.

Àwa tá à ń jà fẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn náà lẹ́jọ́ tiwa, a kàn máa ń ka òfin Nàìjíríà ti 2017 tó ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dá afurasí lóró fáwọn èèyàn, wọ́n á ní ṣé olè lẹ̀ ń gbè lẹ́yìn ni. Èmi ò kì í bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀ mọ́. Mo máa ń bi wọ́n pé tí eléyìí bá lọ jẹ́wọ́ ohun tí ò ṣe, tẹ́ ẹ gbé e lọ sí tésàn, tí gbogbo yín padà sílé lọ sùn, ta ló wá ń lo fóònù yín báyìí?