Bí wọ́n ṣe ń pa òòfà lára ọkọ̀ ojú omi

Ìparí ọdún 1939, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọkọ̀ ń rì lẹ́nu odò Thames nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láìkọlu ohunkóhun. Bọ́ǹbù omi àtijọ́ máa ń léfòó lórí okùn, ọkọ̀ tó bá gbá a ni ó ń bú mọ́. Tàwọn Jámánì yìí, ìsàlẹ̀ omi ló sùn sí. Irin tó bá kọjá lórí rẹ̀ ló ń jí i.

Lóru ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá, bàlúù Jámánì ju ọ̀kan sórí ẹrẹ̀ ní Shoeburyness, òkun fà, ó sì wà ní gbangba: bí ẹsẹ̀ bàtà 7 ní gígùn. Lọ́jọ́ kejì, John Ouvry, ọ̀gá nínú àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ tú u pẹ̀lú Baldwin, ọmọ ogun ojú omi bíi tirẹ̀. Irinṣẹ́ idẹ ni wọ́n lò, torí irin lè jí i. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, Lewis àti Vearncombe, dúró lókèèrè, kí àṣìṣe má baà bá àwọn méjì yẹn kú. Wọ́n tú ohun tí ń ṣáná sí i lókè, wọ́n yí bọ́ǹbù náà, wọ́n tún bá òmíràn lábẹ́.

Ní HMS Vernon, ibùdó àwọn ọmọ ogun ojú omi ní Portsmouth, àṣírí tú: abẹ́rẹ́ òòfà ló wà nínú rẹ̀, agbára òòfà tó kéré bíi milligauss 50 (gauss ni wọ́n fi ń wọn òòfà) sì ti tó láti jí i. Ọkọ̀ tí wọ́n kàn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gba òòfà ilẹ̀ ayé mọ́ra bí òòlù ṣe ń lù ú, orí àríwá òòfà rẹ̀ a sì kọjú sísàlẹ̀. Ohun tí abẹ́rẹ́ náà ń dúró dè gan-an nìyẹn.

Charles Goodeve, ọmọ Kánádà tí wọ́n bí ní Neepawa lọ́dún 1904, onímọ̀ kẹ́mísírì ní University College London, ti wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ojú omi olùyọ̀ǹda. Wọ́n ń fi wáyà bàbà yí ọkọ̀ ká, wọ́n ń ta iná sí i, kí òòfà wáyà lè pa ti ọkọ̀. Goodeve pè é ní degaussing. Orúkọ Gauss, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Jámánì, ló fi sọ ohun tó ń ba bọ́ǹbù Jámánì jẹ́! Ọkọ̀ Queen Elizabeth wọ wáyà yìí lọ sí New York ní oṣù kẹta 1940.

Ṣùgbọ́n bàbà wọ́n, iná náà kò sì gbọdọ̀ kú. Fún ọkọ̀ kékeré, Goodeve mú ọ̀nà mìíràn wá. Wọ́n á so wáyà kan tó nípọn gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, wọ́n á ta iná tó tó nǹkan bí ampere 2,000 sínú rẹ̀, wọ́n á máa fi okùn fà á gòkè lára irin, bí ẹni ń nu ògiri. Lẹ́yìn náà, ọkọ̀ á gba orí ẹ̀rọ ìwọn tó wà nísàlẹ̀ omi. Tó bá ṣì lágbára jù, wọ́n á tún un nù. Tí wọ́n bá nù ún jù, orí òòfà náà á yí padà, wọ́n á tún fà á sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n ń fi ọkọ̀ kó àwọn ọmọ ogun kúrò ní Dunkirk nílẹ̀ Faransé lọ́dún 1940, wọ́n nu nǹkan bí ọkọ̀ 400 ní ọjọ́ 4.

Kì í pẹ́ títí. Ìgbì ń gbá irin, ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n ọ́n, òòfà ilẹ̀ ayé ń padà wọlé díẹ̀díẹ̀. Lápá gúúsù ayé, òòfà ilẹ̀ ń tọ òkè ni, ìnù tí wọ́n ṣe ní Portsmouth kò bá ibẹ̀ mu. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, ọkọ̀ á tún padà sórí ẹ̀rọ ìwọn, wọ́n á tún wo iye tó kọ.