Kíndìnrín Mẹ́ta Lára Ẹnì Kan: Kí Ni Transplant?

Mẹkáníìkì kan ní Láfẹ́ńwá ló bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, tí wọ́n bá pààrọ̀ kíndìnrín èèyàn, ti àtijọ́ ńkọ́? Ṣé wọ́n máa ń dì í fún ẹbí ni?" Ẹ̀rín pa mí, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí à ń lò ló ṣì í lọ́nà. A ń sọ pé "pààrọ̀", bí ìgbà tó bá tú búrẹ́kì tó ti jẹ tán, tó fi tòkúnbọ̀ rọ́pò rẹ̀. Dókítà kì í sábà yọ ti àtijọ́. Ẹ̀yìn tí méjèèjì wà ló máa fi wọ́n sí, á gbé ẹyọ kan tuntun sí ìsàlẹ̀ ikùn níwájú, nítòsí itan, á so ó mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ àti àpò ìtọ̀. Mẹ́ta ló wá wà lára ẹni náà, ẹyọ kan ló ń ṣiṣẹ́.

Transplant yìí, àtúngbìn ni èmi ń pè é. Ẹ wo ata tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hú lọ gbìn sí ebè lóko Ọ̀dẹ̀dá: ewé rẹ̀ á kọ́kọ́ sorí kọ́, tí omi bá sì wọ́n, ó parí nìyẹn.

Bó bá gbà, èrè rẹ̀ pọ̀. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀ yẹ kó wà nídìí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, bíi wákàtí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan. Omi mímu pàápàá, wíwọ̀n ni. Lẹ́yìn àtúngbìn, á mu omi tútù tẹ́rùn, á padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ẹ̀mí rẹ̀ sì sábà máa ń gùn ju ti ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ lọ.

Ara gan-an ni oníwàhálà. Àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá àrùn jà ò mọ̀ pé ìrànlọ́wọ́ ni àlejò yìí bá wá. Bí Ẹ̀gbá ṣe kọjú sí Dàhómì ní 1851 ni wọ́n ṣe ń kọjú sí i. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìbejì ni dókítà Joseph Murray fi ṣe àtúngbìn kíndìnrín tó kọ́kọ́ yọrí sí rere, ní Boston, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ní 1954: ẹyin kan ṣoṣo ló pín sí méjì, ara ò mọ̀ pé àlejò wọlé. (Ẹ má tíì yọ̀, ẹ̀yin Táyé òun Kẹ́hìndé. Ẹyin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni púpọ̀ nínú ìbejì tiwa.)

Àwa yòókù, oògùn tó ń kun àwọn ọmọ ogun náà lóorun la ó máa lò, lójoojúmọ́, níwọ̀n ìgbà tí kíndìnrín ọ̀hún bá ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹnubodè wá ṣí sílẹ̀: àrùn tètè ń wọlé, jẹjẹrẹ náà lè rí àyè, ìtọ̀ ṣúgà lè bẹ̀rẹ̀. Àìrówó ra oògùn lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Àgbo tí ẹnì kan fi tọrẹ lè da oògùn rú pẹ̀lú. Bí gbogbo rẹ̀ tilẹ̀ lọ déédéé, kíndìnrín náà kì í ṣe títí ayé. Ọ̀pọ̀ èyí tí alààyè fi tọrẹ máa ń lò ju ọdún 10 lọ.

Mẹkáníìkì náà gbé sípánà sílẹ̀. "Ẹni tó fún un wá ku ẹyọ kan?"

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹyọ náà á tóbi sí i díẹ̀, á gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ ìkejì ṣe, ẹni tó fi tọrẹ náà á sì máa lọ yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wò. Ẹ̀bùn ló gbọ́dọ̀ jẹ́ o. Láti 2014 ni òfin ìlera Nàìjíríà ti ka títà rẹ̀ léèwọ̀.