Bí ìjọba ṣe ń ti íntánẹ́ẹ̀tì pa nígbà ìwọ́de

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, àwọn ará Togo tú síta ní Lomé àti àwọn ìlú mìíràn. Wọ́n fẹ́ kí òfin ọdún 1992 tí kò jẹ́ kí ààrẹ lò ju sáà méjì lọ padà wá, torí láti 1967 ni ìdílé kan ṣoṣo ti ń ṣèjọba lé wọn lórí. WhatsApp ni wọ́n fi ń pe ara wọn jáde, Facebook ni fídíò ń gbà dé òkèèrè. Lójijì, dátà fóònù kú. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bàjẹ́ o, ìjọba ló ní kí wọ́n pa á.

Oríṣi ìtìpa méjì ló wà, ẹni tó bá sì ń lọ síbi ìwọ́de gbọ́dọ̀ mọ èyí tó dojú kọ. Nínú ti àkọ́kọ́, ìjọba á ní kí àwọn iléeṣẹ́ tó ń ta dátà dínà mọ́ ìkànnì kan pàtó. Ohun tí wọ́n ṣe sí Twitter (tó ń jẹ́ X báyìí) ní Nàìjíríà nìyẹn, láti oṣù Kẹfà 2021 títí di ọjọ́ 13 oṣù Kìíní 2022. Dátà ṣì ń ṣiṣẹ́, nítorí náà áàpù tí wọ́n ń pè ní VPN gbà wá sílẹ̀. Ó máa ń fi kọ́ódù bo ohun tí o ń fi ránṣẹ́, á gbé e gba kọ̀ǹpútà kan nílẹ̀ òkèèrè kọjá. Kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ni iléeṣẹ́ dátà rẹ á rí, kò ní mọ̀ pé Twitter lò ń lọ. Ẹ tètè gbé e sórí fóònù kí ọ̀rọ̀ tó dójú ẹ̀, torí wọ́n lè dínà mọ́ ìkànnì tí wọ́n ti ń gbà á.

Èkejì le gan-an. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kìíní 2011, nígbà tí ará Íjíbítì ń lé Mubarak, ààrẹ wọn nígbà náà, ìjọba gé fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo orílẹ̀-èdè náà kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún. VPN kò wúlò níbẹ̀, nítorí kò sí dátà tí yóò gbé e. Google àti Twitter wá ṣí nọ́ńbà tẹlifóònù sílẹ̀: èèyàn á pè é, á sọ ohun tójú ẹ̀ rí, ohùn rẹ̀ á sì bọ́ sórí Twitter.

Ní Hong Kong lọ́dún 2019, áàpù Bridgefy làwọn kan lò níbi ìwọ́de, èyí tó ń fi Bluetooth gbé ọ̀rọ̀ láti fóònù dé fóònù láìsí dátà. Ṣùgbọ́n ní 2020, àwọn onímọ̀ fi hàn pé ẹlòmíràn lè ka ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni síbẹ̀.

Inú máa ń bí mi sí ọ̀rọ̀ yìí, torí àsìkò tí íntánẹ́ẹ̀tì bá kú gan-an ni wọ́n lè lu èèyàn láì sí ẹni tó máa rí i níta. Ẹ ya fídíò yín síbẹ̀síbẹ̀, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Ó ṣe é gbé lọ sí kóòtù: ní oṣù Kẹfà 2020, ilé ẹjọ́ ECOWAS dá Togo lẹ́bi lórí pípa tí wọ́n pa íntánẹ́ẹ̀tì ní 2017, ó sì ní kí wọ́n san owó ìtanràn fún àwọn tó pè wọ́n lẹ́jọ́.