Hackintosh tan, ṣùgbọ́n kò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì: ìbéèrè àti ìdáhùn

macOS wọlé dáadáa, ṣùgbọ́n Ethernet (nẹ́tíwọ́ọ̀kì oníwáyà) kò sí nínú àtòjọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá. Kí ló fà á?

Driver ni ètò tó ń jẹ́ kí macOS mọ ohun èlò kan, ti àwọn kọ̀ǹpútà tí Apple fúnra rẹ̀ ṣe nìkan ni macOS sì ń gbé dání. Hackintosh, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí a fọwọ́ ara wa tò tí a sì fi macOS sí, sábà máa ń ní chip nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí Apple kò lò rí. Iná ojú ihò wáyà lè máa ṣẹ́jú, síbẹ̀ macOS kò mọ̀ pé chip wà níbẹ̀. Kext ló ń là á lójú. Fódà kékeré ni, driver wà nínú rẹ̀, OpenCore, ètò tó ń tan macOS lórí Hackintosh, ló sì máa ń gbé e wọlé kí macOS tó tan tán.

Ẹ má tíì wa kext kankan sílẹ̀ o. Ẹ kọ́kọ́ mọ chip náà gan-an. Ohun tó wà lára páálí motherboard kò tó, nítorí motherboard kan náà lè jáde lọ́nà méjì pẹ̀lú chip ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nọ́ńbà inú ẹ̀rọ ni kí ẹ gbà gbọ́. Ní Windows, ẹ ṣí Device Manager, ẹ lọ sí Network adapters, kí ẹ wo Hardware Ids lábẹ́ Details. Ní Linux, ẹ tẹ `lspci -nn`. Bí ẹ bá rí 8086:15F3, Intel ni 8086, I225-V sì ni 15F3. Realtek ni 10EC: 8168 jẹ́ ti ìdílé RTL8111, 8125 sì jẹ́ RTL8125 oníyára 2.5 gigabit. Bí nọ́ńbà kankan kò bá jáde níbẹ̀, ẹ wo BIOS (ojú ètò motherboard), ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti pa LAN, ìyẹn Ethernet, níbẹ̀.

Kext wo ló bá chip wo mu?

IntelMausi ni ti I217, I218 àti I219. I210 àti I211 ń lo AppleIGB láti ẹ̀dà macOS tó ń jẹ́ Monterey wá sókè. SmallTreeIntel82576 ni ti macOS tó ṣáájú. AppleIGC wà fún I225. RealtekRTL8111 ni ti RTL8111, LucyRTL8125Ethernet sì ni ti RTL8125. AtherosE2200Ethernet ni ti Killer E2200.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn rí “Intel”, kó sì sọ IntelMausi sórí I211 tàbí I225. Kò lè ṣiṣẹ́, ẹ sì lè fi ojú ara yín rí ìdí rẹ̀. Ẹ ṣí Info.plist tó wà nínú kext náà, kí ẹ wá IOPCIPrimaryMatch. Ẹ ó rí ọ̀wọ́ nọ́ńbà bíi 0x15b88086. Nọ́ńbà chip ló ṣáájú, ti ilé iṣẹ́ tẹ̀ lé e: 15b8 jẹ́ irú I219-V kan, 8086 sì ni Intel. Bí nọ́ńbà tiyín kò bá sí níbẹ̀, kext náà kò ní fọwọ́ kan chip yín láé. Kíkó gbogbo kext pọ̀ sójú kan kò ràn yín lọ́wọ́. Ńṣe ló ń mú kó ṣòro láti mọ èyí tó ń da nǹkan rú.

Mo ti fi kext tó tọ́ sínú EFI/OC/Kexts, fódà kext ti OpenCore, síbẹ̀ kò sí ìyàtọ̀.

OpenCore kì í wo ohun tó wà nínú fódà. Ohun tí config.plist, fáìlì ètò rẹ̀, bá kọ sábẹ́ Kernel → Add ló ń tẹ̀ lé. Ẹ fi ProperTree, ètò tí a fi ń tún irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ṣe, ṣí config.plist, ẹ lo OC Snapshot inú rẹ̀, yóò kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀ fún yín. Lẹ́yìn náà, ẹ fara balẹ̀ wo nǹkan mẹ́rin: BundlePath (ibi tí kext wà), ExecutablePath (ibi tí driver inú rẹ̀ wà, bíi Contents/MacOS/IntelMausi), Enabled tó gbọ́dọ̀ jẹ́ true, àti MaxKernel. MaxKernel yìí, ìyẹn nọ́ńbà kernel macOS tó ga jù tí OpenCore yóò gbé kext náà wọlé fún, ti yọ ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Ventura ni 22, Sonoma ni 23, Sequoia ni 24. Bí wọ́n bá kọ 22.99.99 síbẹ̀, ọjọ́ tí ẹ bá kúrò ní Ventura ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì yóò pòórá.

Ẹ tún rí i pé EFI (apá dísíìkì tí OpenCore wà) tí kọ̀ǹpútà fi ń tan gan-an lẹ ń tún ṣe. Fúláàṣì tí a fi gbé macOS sórí ẹ̀rọ ní EFI tirẹ̀, dísíìkì inú náà ní tirẹ̀.

Bí ó bá ti tan, ẹ ṣí Terminal, ẹ tẹ `kextstat | grep -i mausi` (ẹ fi orúkọ kext tiyín rọ́pò mausi). Bí kò bá mú ohunkóhun jáde, nínú méjì ni: OpenCore kò gbé kext wọlé, tàbí ó gbé e wọlé ṣùgbọ́n kò rí chip tó mọ̀. Bí ó bá jáde, kext àti chip ti pàdé. Ọ̀rọ̀ wáyà tàbí àdírẹ́ẹ̀sì ló kù.

Ethernet ti yọ, ṣùgbọ́n àdírẹ́ẹ̀sì tó gbà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254.

Kọ̀ǹpútà ló fún ara rẹ̀ ní àdírẹ́ẹ̀sì yẹn, nítorí router kò dá a lóhùn. Ẹ pààrọ̀ wáyà àti ihò router ná. Bí chip bá jẹ́ Realtek, tí Windows náà sì wà lórí ẹ̀rọ, Windows lè fi chip sílẹ̀ ní ipò oorun. Ẹ pa ẹ̀rọ pátápátá, ẹ yọ wáyà iná fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ wá tan macOS tààrà. Bí kò bá yí padà, ẹ gbìyànjú ẹ̀dà RealtekRTL8111 tó ti pẹ́ díẹ̀. Tuntun kì í fìgbà gbogbo bá gbogbo motherboard mu.

Mo lè ṣí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n App Store àti iCloud kọ̀.

Wọ́n ń fẹ́ kí en0, orúkọ tí macOS fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì àkọ́kọ́, jẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà lára ẹ̀rọ. Bí ẹ bá lo adapter USB nígbà tí ẹ ń gbé macOS sí i, USB lè ti gba en0. `networksetup -listallhardwareports` yóò fi hàn yín. Ẹ yọ USB náà, ẹ pa NetworkInterfaces.plist àti preferences.plist rẹ́ nínú /Library/Preferences/SystemConfiguration, kí ẹ tún ẹ̀rọ tan. Bí kò bá tíì jẹ́ built-in (ti ara ẹ̀rọ), ẹ fi `built-in` sí DeviceProperties chip náà nínú config.plist, irú Data, iye 01.

Wi-Fi ńkọ́?

Fún káàdì Intel, ẹ yan ọ̀kan nínú kext méjì, itlwm àti AirportItlwm, ẹ má fi méjèèjì sí i. itlwm nílò ètò HeliPort, macOS sì máa ń kà á sí Ethernet. AirportItlwm ń lo àmì Wi-Fi ti macOS fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀dà tí a kọ fún macOS kan kò ní bá òmíràn mu. AirDrop, ọ̀nà tí Apple ń gbà fi fáìlì ránṣẹ́, kò sí lórí Intel.

Káàdì Broadcom bíi BCM94360 ló dára jù tẹ́lẹ̀, títí Sonoma fi yọ driver wọn kúrò ní 2023. Láti ìgbà náà, OpenCore Legacy Patcher, ètò tó ń fi patch tún macOS ṣe, ni a fi ń dá a padà, pẹ̀lú kext IOSkywalkFamily àtijọ́ àti IO80211FamilyLegacy, a sì gbọ́dọ̀ dínà IOSkywalkFamily tuntun lábẹ́ Kernel → Block. Bí ẹ bá ṣe àfikún macOS, ẹ ó tún patch náà ṣe, nítorí náà ẹ má ju wáyà Ethernet nù.