Èrò tó ń tẹ̀lé yín lórí ayélujára kọ́ ni òǹkàwé yín

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tá a ń kọ ìtàn àròsọ la gbà pé téèyàn bá ti lè kó èrò jọ sórí Facebook tàbí Instagram, ó ti rí òǹkàwé nìyẹn, kí ìwé ṣáà jáde, wọ́n á rọ́ lù ú. Èmi náà gbà á gbọ́ fún ìgbà pípẹ́, torí ohun tí kálukú ń sọ nìyẹn, àwọn ilé ìtẹ̀wé kan gan-an máa ń béèrè iye fọ́lówà kí wọ́n tó ṣí iṣẹ́ èèyàn wò. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ó sì ń dùn mí bí mo ṣe ń rí àwọn tó mọ ìtàn sọ dáadáa tí wọ́n ń fi gbogbo òru ṣe fídíò, tí orí kẹta ìwé wọn ò sì kúrò lójú kan láti èṣí.

Ẹni tó tẹ láìkì, ìka ló fi tẹ̀ ẹ́, ó ti lọ. Ẹni tó ka ìwé olójú ewé 300 yín tán, òru bíi mélòó ló ti fún yín nínú ayé ẹ̀, ẹ ò lè ka àwọn méjèèjì sí ọ̀kan náà. Àwọn tó ni Facebook àti Instagram yẹn ló tún ń pinnu ta ló máa rí ohun tẹ́ ẹ kọ, ẹ lè ní fọ́lówà 10,000 kó jẹ́ díẹ̀ nínú wọn ló máa rí i, torí ohun tó máa dá èèyàn dúró pẹ́ sídìí fóònù ni wọ́n ń wá, kì í ṣe ìtàn yín. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti àkáǹtì yín pa ńkọ́? Ẹ ò ní àdírẹ́sì ẹnì kan ṣoṣo lọ́wọ́.

Ẹ wo Andy Weir, òǹkọ̀wé ọmọ Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe, ó wá ń kọ ìtàn sórí wẹ́ẹ̀bùsáìtì tiẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, bíi ọdún mẹ́wàá ló fi kó nǹkan bíi 3,000 èèyàn jọ tí wọ́n ń gba íméèlì ẹ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn tó pè ní The Martian, orí kan lẹ́yìn òmíì ló ń gbé e jáde, àwọn tó mọ sáyẹ́ǹsì nínú wọn sì ń kọ̀wé sí i pé ibi báyìí ò tọ̀nà, ó ń tún un ṣe. Àwọn náà ló ní kó gbé e sórí Kindle, ibi tí Amazon ti ń ta ìwé téèyàn ń kà lórí ẹ̀rọ, kó lè rọrùn fún wọn láti kà, ó gbé e síbẹ̀ ní 99 sẹ́ǹtì, wọ́n rà á, wọ́n sọ fáwọn míì, ilé ìtẹ̀wé ńlá wá gbà á, fíìmù ẹ̀ jáde ní 2015. Èrò kọ́ ló gbé e débẹ̀, àwọn tó ń dá a lóhùn ni.

Ọ̀rọ̀ yìí ò tiẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1849, tí Charles Dickens, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń gbé ìtàn David Copperfield jáde díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, ó fi obìnrin aràrá kan sínú ẹ̀, Miss Mowcher, ó sì dà bíi pé ìwà burúkú ló fẹ́ kó hù. Obìnrin aràrá kan tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú ẹsẹ̀ rí ara ẹ̀ níbẹ̀, ó kọ lẹ́tà sí Dickens pé ọ̀rọ̀ náà ba òun lọ́kàn jẹ́. Dickens fèsì, ó gbà pé òun yá nǹkan díẹ̀ lára ẹ̀ lóòótọ́, nígbà tí Miss Mowcher fi máa padà wọ inú ìtàn ó ti di èèyàn rere tó ń ran àwọn tó ń wá ọ̀daràn lọ́wọ́. Ẹ sì rántí pé olókìkí ni Dickens nígbà yẹn, ó lè jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Àwọn kan á ní Brandon Sanderson tó ń kọ ìtàn àròsọ ńkọ́, ṣebí èrò ló fún un ní dọ́là tó lé ní mílíọ̀nù 41 ní 2022 lórí Kickstarter, ìkànnì táwọn èèyàn ti ń dáwó fún iṣẹ́ tí ò tíì jáde. Lóòótọ́, àwọn tó dáwó náà lé ní 185,000. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ gan-an tó ti ń fi ibi tó kọ ìwé kọ̀ọ̀kan dé han àwọn èèyàn lórí wẹ́ẹ̀bùsáìtì ẹ̀, ó sì máa ń kọ lẹ́tà gígùn níparí ọdún nípa ohun tó ń bọ̀ àtèyí tó máa pẹ́. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n kó tó nawọ́ gba owó.

Ibi tí mo rò pé ó yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀ ni ojú ewé tó tẹ̀ lé gbólóhùn tó parí ìtàn. Ìgbà yẹn lọkàn òǹkàwé gbóná jù, ìgbà yẹn náà lọ̀pọ̀ wa máa ń fi ojú ewé òfìfo pàdé ẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà kékeré síbẹ̀, ẹ fi íméèlì yín sí i, ẹ ní ìtàn kúkúrú kan wà fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa kọ̀wé sí wọn lóṣù lóṣù, ì báà jẹ́ pé ẹ ò ní nǹkan kan láti tà, ẹ béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wọn, kẹ́ ẹ sì ka ìdáhùn. Ẹni tó bá bú ìwé yín, ẹ má bá a jà, àwọn òǹkàwé bíi tiẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. Kò sì pọn dandan kẹ́ ẹ sọ ọ̀rọ̀ ilé yín fún wọn.

Tó bá jẹ́ èèyàn 12 péré ló fèsì lóṣù yìí, ẹ mọ orúkọ àwọn 12 yẹn, kẹ́ ẹ rántí pé ẹni báyìí ló ní ẹ̀gbọ́n inú ìtàn náà jọ ẹ̀gbọ́n òun. Tí ìwé kejì bá ti ṣetán, àwọn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí.